Oko Ìrẹsì àti Ẹ̀jẹ̀ Ọmọ: Ìdáhùn fún Ìyá Kan ní Agbègbè Mokoloki

Ìbéèrè tí mo fẹ́ dáhùn wá láti ọ̀dọ̀ ìyá ọlọ́mọ mẹ́ta kan ní abúlé kan nítòsí Mokoloki, ní ìjọba ìbílẹ̀ Ọbáfẹ́mi-Owódé, ìpínlẹ̀ Ògùn. Ó kọ̀wé báyìí pé: “Àgbẹ̀ ìrẹsì ni èmi àti ọkọ mi. À ń gbin ìrẹsì sí àkùrọ̀ lẹ́ẹ̀mejì lọ́dún, ìrẹsì náà la sì ń jẹ láàárọ̀ àti lálẹ́, nítorí òun ló wà nílé. Nígbà tí mo gbé ọmọ mi kejì, tó ti pé ọdún mẹ́ta, lọ sí ibùdó ìlera, nọ́ọ̀sì sọ pé ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kò tó, pé gíga rẹ̀ kò sì bá ọjọ́ orí rẹ̀ mu. Ó ní kí n máa fún un ní oúnjẹ tó ń ṣara lóore. Àwọn kan ní kí a dá ìrẹsì dúró, kí a gbin sóyà àti ọ̀dùnkún tí inú rẹ̀ pọ́n. Ọkọ mi ní ìrẹsì ló ń san owó ilé ìwé, òun ò lè torí ọ̀dùnkún fi ohun tó ń mówó wá sílẹ̀. Ṣé lóòótọ́ ni pé ìrẹsì ló sọ ọmọ mi dà báyìí? Kí ni ká gbìn, tí a ò fi ní pàdánù owó wa?”

Arábìnrin mi, ẹ ṣeun tí ẹ kọ ọ̀rọ̀ yìí láìfi nǹkan kan pamọ́. Ẹ̀rù ń bà yín pé oúnjẹ tí ẹ fi òógùn ojú yín gbìn ló ń pa ọmọ yín lára, ẹ sì há sáàárín nọ́ọ̀sì tó ní kí ẹ yí oúnjẹ padà àti ọkọ tí kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kan oko. Ṣùgbọ́n kí n tó sọ ohunkóhun nípa ohun tí ẹ ó gbìn, mo bẹ̀ yín, ẹ gbé ọmọ náà padà sí ibùdó ìlera, kí wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀, ìgbẹ́ àti ìtọ̀ rẹ̀ wò. Oúnjẹ nìkan kọ́ ló ń fa àìtó ẹ̀jẹ̀. Àkùrọ̀ jẹ́ ibi tí omi ń dúró sí, ibi tí omi bá sì ti ń dúró sí ni ẹ̀fọn ń yé sí. Ibà tí ẹ̀fọn ń gbé kiri sì ń ba ẹ̀jẹ̀ ọmọdé jẹ́ ju bí ọ̀pọ̀ òbí ti rò lọ. Aràn kan wà tó máa ń gba àtẹ́lẹsẹ̀ wọlé nígbà tí ọmọ bá ń rìn láìwọ bàtà lórí ilẹ̀ tútù tí wọ́n ti ṣu ìgbẹ́ sí, inú ìfun ni yóò sì ti máa mu ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni àrùn tí ń mú kí ọmọ máa tọ ẹ̀jẹ̀, èyí tí ìgbín omi ń gbé kiri, tí àwọn ará agbègbè ìsédò Ọ̀yán nítòsí Abẹ́òkúta mọ̀ dáadáa. Ẹ ní kí wọ́n yẹ jẹ́nótáìpù rẹ̀ wò pẹ̀lú. Bí ọ̀kan nínú àwọn wọ̀nyí bá wà lára rẹ̀, kò sí ẹ̀fọ́ tí yóò ṣiṣẹ́ dé ojú àmì títí ẹ ó fi tọ́jú àìsàn náà. Mo fi èyí ṣáájú nítorí mo ti rí àwọn òbí tó ń gún ewé ugwu, tí wọ́n ń fún omi rẹ̀ fún ọmọ mu fún oṣù gbọọrọ, nígbà tó jẹ́ pé ibà ló ń jẹ ẹ̀jẹ̀ ọmọ náà tán. Kí ẹ má sì rò pé tiyín nìkan ló rí báyìí. Nínú ìwádìí ìlera gbogbo orílẹ̀-èdè tí wọ́n ṣe ní Nàìjíríà ní 2018, nínú 100 ọmọ tó wà láàárín oṣù mẹ́fà sí ọdún márùn-ún, ẹ̀jẹ̀ 68 ni kò tó, nínú 100 ọmọ tí kò tíì pé ọdún márùn-ún, gíga 37 ni kò sì bá ọjọ́ orí wọn mu.

Ní ti pé bóyá ìrẹsì ló fà á, ìrẹsì kì í ṣe májèlé, kò sì ṣe ọmọ yín ní ibi kankan. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ni pé ó gba àyè àwọn oúnjẹ mìíràn. Agbára ni ìrẹsì ń fún ara, ó sì ń fún un dáadáa, ṣùgbọ́n ara tó ń dàgbà ń fẹ́ ju agbára lọ. Gíráàmù 100 ìrẹsì funfun tí a kò tíì sè kò ní ju nǹkan bí gíráàmù 7 èròjà amúaradàgbà lọ, èròjà irin tó wà nínú rẹ̀ kò sì tó mílígíráàmù kan. Ìwọ̀n ẹ̀wà gbígbẹ kan náà ní nǹkan bí gíráàmù 23 èròjà amúaradàgbà àti mílígíráàmù irin bíi 8. Kò sí fítámì A nínú ìrẹsì, kò sí fítámì C. Èròjà amúaradàgbà díẹ̀ tó wà nínú rẹ̀ pàápàá ní àbùkù: ó ṣàìní tó nínú ohun kan tí wọ́n ń pè ní láísììnì, èyí tí ara fi ń mọ ẹran ara. Ẹ̀wà ní láísììnì lọ́pọ̀lọpọ̀, ohun tí ẹ̀wà ṣàìní tó, ìrẹsì ní in. Ìdí nìyẹn tí ìrẹsì àti ẹ̀wà tí a sè pọ̀ fi dára fún ọmọ ju kí a jẹ ọ̀kan lọ́tọ̀ lọ.

Èrò kan tún wà tó gbilẹ̀ ní agbègbè yín, pé ìrẹsì Ọ̀fàdà kò rí bẹ́ẹ̀, pé òun ní gbogbo ohun tí ara ń fẹ́ nítorí pé a kì í bó o funfun. Òótọ́ díẹ̀ wà níbẹ̀. Ní apá ìparí ọ̀rúndún 19, dókítà ará Netherlands kan tó ń jẹ́ Christiaan Eijkman ṣàkíyèsí ní erékùṣù Java pé àwọn adìyẹ tí wọ́n ń fún ní ìrẹsì tí wọ́n ti bó funfun ń rọ lẹ́sẹ̀, wọn kò lè dìde dúró, ara wọn sì ń yá nígbà tí wọ́n bá padà fún wọn ní ìrẹsì tí awọ rẹ̀ ṣì wà lára. Ohun tó wà nínú awọ náà ni a mọ̀ lónìí sí fítámì B1, ìmọ̀ yìí ló sì jẹ́ kí Eijkman wà lára àwọn tó gba ẹ̀bùn Nobel ní 1929. Nítorí náà, ìrẹsì tí awọ pupa rẹ̀ kò ṣí tán sàn ju funfun báláú lọ, bíbọ̀ tí ẹ sì ń bọ ìrẹsì kí ẹ tó gbé e lọ sí ilé ẹ̀rọ dára, nítorí ó máa ń ti díẹ̀ nínú fítámì inú awọ wọ inú ọkà náà lọ. Ṣùgbọ́n Ọ̀fàdà pẹ̀lú kò ní fítámì A, kò ní fítámì C, irin tó wà nínú awọ rẹ̀ sì so pọ̀ mọ́ èròjà kan tí kì í jẹ́ kí ìfun gbà á dáadáa. Ẹni tó ń jẹ Ọ̀fàdà lójoojúmọ́ láìsí nǹkan gidi mìíràn lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ yóò bá ara rẹ̀ níbi tí ẹ wà yìí.

Kì í ṣe bí àwọn ìyá wa ṣe ń jẹun tẹ́lẹ̀ nìyí. Lóòótọ́, ó ti pẹ́ tí wọ́n ti ń gbin ìrẹsì ní agbègbè yín, ṣùgbọ́n ohun títà ni, oúnjẹ ọdún àti ti ọjọ́ Ìsinmi ni. Ẹ̀gẹ́, àgbàdo, iṣu àti ẹ̀wà ni wọ́n fi ń jẹun lójoojúmọ́. Owó ló yí i padà. Láti 2015 tí ìjọba àpapọ̀ ti fi owó ilẹ̀ òkèèrè du àwọn tó ń kó ìrẹsì wọlé, tí Báńkì Àpapọ̀ sì bẹ̀rẹ̀ ètò ìyálówó fún àwọn àgbẹ̀ ní ọdún yẹn kan náà, tí wọ́n tún wá ti àwọn ẹnubodè orí ilẹ̀ ní oṣù kẹjọ 2019, ìrẹsì abẹ́lé di ohun tí oníṣòwò ń wá dé ẹsẹ̀ oko. Kò sí ẹni tó lè bá àgbẹ̀ wí pé ó tẹ̀lé ibi tí owó wà. Àmọ́ ohun kejì wà tí àwọn ènìyàn kì í sábà mẹ́nu bà, èyí ni oògùn apakoríko. Nígbà tó jẹ́ pé ọkọ́ ni wọ́n fi ń ro oko ìrẹsì, obìnrin tó ń tu koríko máa ń ya gbúre, ẹ̀bọ̀lọ̀ àti tẹ̀tẹ̀ sọ́tọ̀ sínú agbọ̀n bó ṣe ń lọ ní ẹsẹ̀ ààlà, kó tó délé, ẹ̀fọ́ alẹ́ ti wà lọ́wọ́ rẹ̀ láìná kọ́bọ̀. Oògùn apakoríko kì í mọ ewé tí à ń jẹ yàtọ̀ sí èyí tí a kì í jẹ. Oko mọ́ lóòótọ́, ẹ̀yìn sì sinmi, ṣùgbọ́n ẹ̀fọ́ ọ̀fẹ́ bá a lọ, kò sì sẹ́ni tó ka ìyẹn mọ́ àdánù nígbà tí wọ́n ń ṣírò èrè.

Ẹ jẹ́ ká wo ìkòkò yín báyìí, bí àwa tí a ń gbani nímọ̀ràn lórí oúnjẹ ṣe máa ń wò ó. A kì í béèrè pé “Ṣé ẹ ń jẹun dáadáa?” Ohun tí a máa ń béèrè ni pé kí ni ẹ jẹ lánàá, láti ìgbà tí ilẹ̀ mọ́ títí ẹ fi sùn. Fún obìnrin, ọ̀wọ́ oúnjẹ mẹ́wàá ni a ń kà, bí FAO, àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé lórí oúnjẹ àti iṣẹ́ àgbẹ̀, ṣe là á kalẹ̀ ní 2016: ọkà pẹ̀lú iṣu, ẹ̀gẹ́ àti ọ̀gẹ̀dẹ̀; ẹ̀wà àti irú rẹ̀; ẹ̀pà, ẹ̀gúsí àti àwọn kóró mìíràn; wàrà; ẹran àti ẹja; ẹyin; ẹ̀fọ́ aláwọ̀ ewé; èso àti ẹ̀fọ́ tí inú wọn pọ́n, irú bí ìbẹ́pẹ àti máńgòrò; ẹ̀fọ́ yòókù; èso yòókù. Àwọn obìnrin tó ń jẹ márùn-ún ó kéré tán nínú mẹ́wàá yìí lóòjọ́ ló ṣeé ṣe jù pé kí ara wọn máa rí ohun tó ń fẹ́. Fún ọmọ tí kò tíì pé ọdún méjì, mẹ́jọ ni ọ̀wọ́ tí a ń kà, ọmú ìyá wà lára wọn, márùn-ún náà la sì ń wá. Bí ẹ bá jẹ ìrẹsì àti ọbẹ̀ ata láàárọ̀, tí ẹ tún jẹ ìrẹsì àti ọbẹ̀ ata lálẹ́, méjì péré lẹ jẹ ní gbogbo ọjọ́ náà: ọkà kan, àti tòmátì inú ọbẹ̀ náà tí a kà sí ẹ̀fọ́ yòókù. Ìwọ̀nba edé tí ẹ fi ta ọbẹ̀ lórí kò tó láti kà sí ẹja. Kì í ṣe ẹ̀bi yín ni mo ń wá. Mo fẹ́ kí ẹ rí i pé ohun tó kù kò pọ̀ bí ẹ ti rò. Ọ̀wọ́ mẹ́ta sí i ni à ń wá, ẹ̀wà àti ẹ̀fọ́ sì ti jẹ́ méjì níbẹ̀.

Ṣé kí ẹ wá dá ìrẹsì dúró? Rárá o. Òótọ́ ọ̀rọ̀ ni baálé yín sọ. Àwọn onímọ̀ kan láti yunifásítì Göttingen ní Jámánì gbé ìwádìí kan jáde ní 2015 lórí nǹkan bí 8,000 ìdílé àgbẹ̀ ní Indonesia, Kenya, Ethiopia àti Malawi. Wọ́n rí i pé gbígbin oríṣiríṣi ohun ọ̀gbìn máa ń jẹ́ kí oúnjẹ inú ilé pọ̀ ní oríṣi, ṣùgbọ́n ìrànwọ́ rẹ̀ kéré, ó tilẹ̀ máa ń dín kù bí oríṣi bá ti pọ̀ jù lóko. Pé kí ọjà wà nítòsí, kí àgbẹ̀ sì lè tajà kó fi owó ra oúnjẹ mìíràn, máa ń ṣe ju ìyẹn lọ lọ́pọ̀ ìgbà. Mo gba èyí gbọ́, mo sì fẹ́ kí àwọn tó ń sọ fún yín pé kí ẹ kó ìrẹsì dànù gbọ́ ọ. Àmọ́ ẹ̀yin kò tíì dé ibi tí oríṣi ti pọ̀ jù. Oríṣi kan ṣoṣo lẹ ní. Owó ìrẹsì sì ní ìwà tirẹ̀: gìdìgbà ló máa ń dé, ní ìgbà ìkórè, gbèsè ajílẹ̀, owó ilé ìwé àti owó ilẹ̀ yóò sì ti jókòó dè é. Kì í sábà jẹ́ òun lẹ fi ń ra ẹ̀fọ́ ní ọjọ́ Tuesday kan lásán ní oṣù karùn-ún. Ohun tó máa ń wọ inú ìkòkò lójoojúmọ́ ni ohun tó sún mọ́ ìkòkò, tó sì wà lọ́wọ́ ẹni tó ń dáná.

Nítorí náà, ohun tí mo máa dá lábàá ni pé kí ẹ má fọwọ́ kan ìrẹsì ìgbà òjò rárá. Ìrẹsì kejì, ti ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn, ni kí ẹ wò. Nínú gbogbo àkùrọ̀ ni apá kan ti máa ń tètè gbẹ, níbi tí ẹ ti ń fi ẹ̀rọ fa omi sí i jù, tí epo bẹntiróòlù ń lọ níbẹ̀ jù, tó sì jẹ́ pé ibẹ̀ ni ìrẹsì ti máa ń so díẹ̀ jù. Ẹ̀yin àti baálé yín mọ ibẹ̀ dáadáa. Apá yẹn nìkan ni kí ẹ yọ kúrò nínú ìrẹsì kejì, kí ẹ sọ ọ́ di ilẹ̀ ẹ̀wà àti ẹ̀fọ́. Lẹ́yìn tí ẹ bá kórè ìrẹsì òjò, ọ̀rinrin ṣì máa ń wà nínú ilẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, ẹ̀wà tó tètè ń gbó sì máa ń ṣetán ní nǹkan bí ọjọ́ 60 sí 70. Ẹ̀wà kì í fẹ́ omi tó dúró ní gbòǹgbò rẹ̀, nítorí náà ẹ kọ ebè gíga, kí ẹ sì la ojú omi sáàárín wọn. Ẹ má gbìn ín sí ibi tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ fín oògùn apakoríko ìrẹsì sí láìka ohun tí wọ́n kọ sára ike rẹ̀, torí oògùn mìíràn máa ń kù nínú ilẹ̀, ó sì lè pa ẹ̀wà. Àǹfààní kan tún wà níbẹ̀: gbòǹgbò ẹ̀wà máa ń fa èròjà kan láti inú afẹ́fẹ́ sínú ilẹ̀, ìrẹsì tó bá tẹ̀ lé e máa ń jẹ nínú rẹ̀. Kì í ṣe pé ẹ kò ní ra ajílẹ̀ mọ́, ṣùgbọ́n ilẹ̀ náà kò ní ṣá bíi ti tẹ́lẹ̀.

N kò ní pa á mọ́ fún yín pé ẹ̀wà ní wàhálà. Kòkòrò máa ń bò ó láti ìgbà tó bá ti ń tanná títí tí yóò fi yọ èso, ẹni tí kò bá fín in lásìkò lè kórè èèpo lásán. Bí ẹ bá fín in, ẹ má já ewé rẹ̀ sọ́bẹ̀, ẹ má sì kórè títí ọjọ́ tí wọ́n kọ sára oògùn náà yóò fi pé. Ẹ má sì lo oògùn tí wọ́n ń fi pa kòkòrò ilé. Lẹ́yìn ìkórè, kòkòrò inú ẹ̀wà ni ọ̀tá kejì. Ẹ má da oògùn sí ẹ̀wà tí ẹ ó jẹ. Àpò onípele mẹ́ta wà lọ́jà, tí ẹ ó di ẹnu ìpele kọ̀ọ̀kan pinpin kí afẹ́fẹ́ má wọlé. Kòkòrò tó bá wà nínú rẹ̀ kò ní rí afẹ́fẹ́ tó láti máa bí sí i, ẹ̀wà náà á sì pẹ́ fún oṣù púpọ̀ láìsí oògùn kankan.

Ẹ̀fọ́ rọrùn jù ú lọ, ibẹ̀ ni mo sì fẹ́ kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀. Ebè díẹ̀ tó súnmọ́ ilé tàbí kànga ti tó. Tẹ̀tẹ̀ á ti tó ó já láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sí mẹ́rin. Ṣọkọ, bí ẹ bá gé e tí ẹ kò fà á tu, yóò tún rú. Gbúre kò fẹ́ ìtọ́jú kankan yàtọ̀ sí omi. Ewédú àti ilá lè wà lórí pèpéle tó la oko ìrẹsì já. Ẹ má gbìn ín lọ́jọ́ kan náà. Ẹ fi ọ̀sẹ̀ méjì sáàárín ebè kan sí èkejì, kí ó má baà jẹ́ pé ẹ̀fọ́ yóò pọ̀ lápọ̀jù lọ́sẹ̀ kan, kí ó sì wọ́n poo lọ́sẹ̀ kejì. Èyí tó bá ṣẹ́ kù, ẹ tà á, ẹ fi owó rẹ̀ ra ẹja ṣáwá tàbí ẹyin. Ní ti ọ̀dùnkún tí inú rẹ̀ pọ́n, ìmọ̀ràn rere ni wọ́n gbà yín. Ìwọ̀n gíráàmù 125 rẹ̀, ìyẹn ẹyọ kékeré kan tí a sè, lè fún ọmọ tí kò tíì pé ọdún márùn-ún ní fítámì A tó ń fẹ́ lóòjọ́, ó sì máa ń ta láàárín oṣù mẹ́ta sí mẹ́rin. Ilé iṣẹ́ ìwádìí ohun ọ̀gbìn oní-gbòǹgbò tó wà ní Umudike, ìpínlẹ̀ Abia, ti ní irú tó yẹ ilẹ̀ wa, ọ̀kan nínú wọn ni UMUSPO 3. Ọ̀dùnkún funfun tó wọ́pọ̀ lọ́jà kò ní fítámì A yìí. Sóyà dára, àmọ́ mi ò ní kí ẹ kánjú sí i: ó gbọ́dọ̀ jinná dénú kí ara tó lè lò ó, iṣẹ́ rẹ̀ pọ̀, ọjà rẹ̀ kò sì sí ní gbogbo ibi. Bí ẹ bá rí i rà, ẹ fi kún ògì ọmọ bí àwọn onímọ̀ FIIRO, ilé iṣẹ́ ìwádìí ìjọba àpapọ̀ tó wà ní Òṣòdì, ti kọ́ wa.

Ẹ má gbin igi eléso sí ilẹ̀ tí ẹ yá. Ẹ mọ̀ pé nílẹ̀ Yorùbá, ẹni tó bá gbin igi ń fẹ́ ní ilẹ̀ ni, onílẹ̀ sì lè torí bẹ́ẹ̀ lé yín lọ. Ìbẹ́pẹ àti ọsàn, ẹ̀yìnkùlé yín ni kí ẹ gbìn wọ́n sí.

Èyí tó kù wà nínú ilé ìdáná, ó sì lè já iṣẹ́ oko gbà tàbí kí ó bà á jẹ́. Epo pupa wa wà lára àwọn ohun tó ní èròjà tí ara fi ń ṣe fítámì A jù lọ láyé, ṣùgbọ́n ọbẹ̀ tí a fi ń jẹ Ọ̀fàdà gan-an ni ó ń pa á: bí ẹ bá gbé epo kaná títí pupa rẹ̀ fi ṣí, tí èéfín rẹ̀ sì gba gbogbo ilé, èròjà náà ti jóná. Ẹ sè é fún àlejò bí ẹ bá fẹ́, àmọ́ ẹ máa fi epo tí ó ṣì pupa síbi ẹ̀fọ́ àti ẹ̀wà ọmọ. Ẹ̀fọ́ tí a bọ̀, tí a fún omi rẹ̀ dànù, ti sọ púpọ̀ nínú fítámì C rẹ̀ nù. Ẹ jẹ́ kó rọ díẹ̀ nínú ọbẹ̀ dípò bẹ́ẹ̀. Irin inú ẹ̀wà àti ẹ̀fọ́ kì í wọ ara bọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n bí ọmọ bá jẹ ọsàn tàbí ìbẹ́pẹ mọ́ ọn, tàbí tí ẹran tàbí ẹja díẹ̀ wà níbẹ̀, yóò wọlé dáadáa. Tíì ni kì í jẹ́ kó wọlé, nítorí náà ẹ má fún ọmọ ní tíì mọ́ oúnjẹ. Ẹja ṣáwá gbígbẹ tí a lọ̀ kúnná pẹ̀lú eegun rẹ̀, ṣíbí kan nínú oúnjẹ ọmọ, kò wọ́n ju bó ti yẹ lọ. Mo sì bẹ̀ yín nítorí ẹyin. Ọ̀rọ̀ tí àwọn àgbà ń sọ pé ẹyin àti ẹran ń sọ ọmọ di olè ti fi ohun tó yẹ ọmọ sínú àwo àgbàlagbà fún ìgbà pípẹ́. Àwọn adìyẹ tó ń jẹ kiri nínú àgbàlá yín, kí ọmọ ọdún mẹ́ta yẹn jẹ nínú ẹyin wọn.

Bí ẹ ó ṣe bá baálé yín sọ ọ́ ló kù. Ẹ má sọ pé nọ́ọ̀sì ní kí ẹ fi ìrẹsì sílẹ̀, torí kì í ṣe òótọ́. Ẹ ní kí ẹ jọ ṣírò ohun tí apá tó máa ń gbẹ yẹn mú wọlé ní ẹ̀ẹ̀rùn tó kọjá, lẹ́yìn tí ẹ bá ti yọ owó epo, ajílẹ̀ àti owó àwọn tó ń lé ẹyẹ. Ẹ bẹ̀bẹ̀ fún ìkórè ẹ̀ẹ̀rùn kan ṣoṣo láti fi dán an wò. Kí ó sì hàn kedere láti ìbẹ̀rẹ̀ pé ọwọ́ yín ni ilẹ̀ kékeré yẹn wà, ẹ̀yin lẹ ó pinnu ohun tí ẹ ó tà àti ohun tí ẹ ó sè, nítorí mo ti rí ẹ̀fọ́ tó bẹ̀rẹ̀ bí oúnjẹ ọmọ, tó sì di ọjà pátápátá nígbà tó mówó wá. Ẹ má sì gbé e sí àkókò tí ìrẹsì bá ń gbọmọ, tí gbogbo yín wà lóko láti àárọ̀ dé alẹ́ nítorí ẹyẹ. Iṣẹ́ tó bá já lé yín lórí nígbà yẹn yóò gba àsìkò tí ẹ ó fi bọ́ ọmọ kékeré.

Ibi tí agbára oko pin sí, mo gbọ́dọ̀ sọ ọ́ fún yín. Gíga ọmọ tó ti pé ọdún mẹ́ta kì í fi bẹ́ẹ̀ padà tán. Ìgbà oyún títí dé ọjọ́ ìbí kejì ni àkókò tí a lè ṣe nǹkan sí i jù. Ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ lè padà dára, ara rẹ̀ lè le, ọpọlọ rẹ̀ ṣì ń fẹ́ oúnjẹ, nítorí náà kò pẹ́ jù. Ṣùgbọ́n ọmọ yín tó kéré jù, tàbí oyún tó bá ń bọ̀, ni yóò jàǹfààní ètò yìí jù lọ. Ní ẹkùn Gourma ní Burkina Faso, àjọ Helen Keller kọ́ àwọn ìyá ní ọgbà ẹ̀fọ́ àti adìyẹ sísìn pọ̀ mọ́ bí a ti ń bọ́ ọmọ, àìtó ẹ̀jẹ̀ sì dín kù láàárín àwọn ọmọ ọwọ́, ṣùgbọ́n gíga àwọn ọmọ kò yí padà. Omi mímọ́, ilé ìgbẹ́ àti àpò ẹ̀fọn wà lára iṣẹ́ náà, oko kò lè ṣe tiwọn.

Fún irúgbìn, ẹ kọ́kọ́ lọ sí ọ́fíìsì OGADEP, àjọ ìdàgbàsókè iṣẹ́ àgbẹ̀ ìpínlẹ̀ Ògùn, ní Abẹ́òkúta, tàbí FUNAAB, yunifásítì iṣẹ́ àgbẹ̀ tí kò jìnnà sí yín; ẹ̀wà tí wọ́n ń pè ní Ife Brown, ilé ìwádìí iṣẹ́ àgbẹ̀ IAR&T ní Moor Plantation, Ìbàdàn, lẹ ti lè béèrè rẹ̀. Okùn ni wọ́n fi ń gbin ọ̀dùnkún, kì í ṣe isu rẹ̀, okùn náà sì máa ń kú ní ẹ̀ẹ̀rùn bí kò bá sí omi. Bí ẹ bá rí ìdì kan gbà, ẹ gbìn ín sí ẹ̀bá kànga tàbí ibi tí omi ìwẹ̀ ń ṣàn gbà, kí ẹ máa gé e gbìn sí i láti ibẹ̀. Ní ìdajì oṣù kẹta, nígbà tí òjò bá bẹ̀rẹ̀, ẹ ó ní èyí tó tó fún ẹ̀yìnkùlé yín, ẹ ó sì rí fún aládùúgbò.